Ọmọ Onílẹ̀

Agogo méje àárọ̀, oṣù kọkànlá, ní Grangemouth.
Atẹ́gùn odò Forth ń gún mi lẹ́gungun,
mo gbé ṣọ́bìrì kékeré àti ìgò mẹ́fà
lọ sẹ́yìn ọgbà àgbá epo tí wọ́n ti tì pa.
Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, kì í ṣe dúdú ilẹ̀ oko;
ó ń dán bí ìdí ìkòkò àdín,
òórùn rẹ̀ á kí ọ kó o tó dé ẹnubodè.

Epo. Orúkọ kan náà là ń pe tòhún àti tìhín.
Èyí tí ìyá mi ń dà sí ẹ̀wà, epo ni.
Èyí tó jò láti ìdí àgbá fún ogójì ọdún,
tó pa ekòló, tó pa gbòǹgbò, epo náà ni.
Ìka kan ló tọ́ ọ; ó ti ran gbogbo ọwọ́.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Pettifer, ní ká wa gbogbo rẹ̀ jáde,
ká fi tírélà kó o lọ síbi tójú ò ní tó.
Mo ní, ọ̀gá, ẹni tó gbálẹ̀
tó da á sẹ́yìnkùlé aládùúgbò,
ṣé ó gbálẹ̀ ni, àbí ó kàn ṣí ìdọ̀tí nípò?
Ó wo aago. Ó fún mi lóṣù mẹ́jọ.

Mo wá ibi tí koríko mẹ́ta ti ń ṣorí kunkun
láàárín ẹrẹ̀ ọ̀hún, mo bu ilẹ̀ ìdí wọn.
Ohun tí kò kú níbi tí gbogbo nǹkan ti kú,
ó ní ohun tó ń jẹ.
Nínú yàrá àyẹ̀wò, lójú awo, wọ́n yọ:
ìwúkàrà, funfun bí ògì ìsàlẹ̀ ìkòkò,
òórùn wọn bí ẹnu kèrègbè ẹmu lọ́jọ́ kejì.
Mo kán dísù sí wọn lẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́.
Mo tún kán an. Wọ́n bímọ.

Ẹ̀yin tó ti ra ilẹ̀ nílé, ẹ mọ ọmọ onílẹ̀:
owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé.
Àwọn tèmi wọ̀nyí ò bèèrè kọ́bọ̀.
A kàn fún wọn ní ajílẹ̀ díẹ̀, omi, afẹ́fẹ́,
à ń yí ilẹ̀ bí ẹni ń yan gàrí,
wọ́n sì jókòó ti oúnjẹ tí baba wọn ò jẹ rí.
Èmi tí mò ń tún físà ṣe lọ́dọọdún,
èmi ni mo bẹ ọmọ onílẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ìyá àgbà kan máa ń wò wá láti ẹ̀yìn wáyà,
Ishbel Rennie, ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ọsàn, ajá kan tó ń tiro.
Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣí fáàfù àgbá kẹta láyé ọjọ́un.
Nígbà tó di oṣù kẹfà, ilẹ̀ ti ń jọ ilẹ̀;
ekòló kan, ẹyọ kan péré, yọrí.
(Igun ìlà-oòrùn kọ̀ jálẹ̀ o, ó ṣì dúdú, mi ò ní parọ́.)
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ fún un. Ó gbé e símú.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ó dáa," ló wí. "Òórùn òjò ni."
Lẹ́yìn náà: "Òórùn Dougal ti lọ."

Ó di ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti sin ín.
Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ́ tán, ìrọ̀rí ti gbàgbé,
afẹ́fẹ́ ibi yìí nìkan ló ṣì ń mú ọkùnrin náà wálé.

Òfin kò gbà á. Mo lọ sí igun tó kọ̀ jálẹ̀,
mo bu ilẹ̀ dúdú kún ìgò kan, mo dé e pa,
mo nà án gba ojú wáyà.
Ó fi sápò òsì, ajá tẹ̀lé e.
Mi ò lè sọ fún un
pé àwọn ọmọ onílẹ̀ wà nínú ìgò náà,
wọ́n ti jókòó,
wọ́n ti ń jẹun.